Aṣọ tí Stella Fi Ń So Géètì

Ìbéèrè kẹta ni mo ń bi Stella nígbà tí mo ki ọwọ́ bọ àpò láti mú awò ojú mi. Aṣọ ni ọwọ́ mi bà.

Ìbéèrè náà ni pé, ta ló ṣí géètì ẹ̀yìn sílẹ̀? Ìsàlẹ̀ ilé wa ni Stella ń gbé. Ibẹ̀ ló ti ń tọ́jú ọmọ méje fún àwọn ìyá tó ń lọ síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ Túsìdeè, Fìyìnfólúwa, ọmọ ọdún méjì, gba géètì náà jáde. Oníkẹ̀kẹ́ Márúwá kan ló gbé e létí gọ́tà ńlá. Tẹjúmádé, ìyá rẹ̀, kọ̀wé ẹ̀sùn sí ẹgbẹ́ àdúgbò wa ní Festac. Ẹgbẹ́ ní kí n wádìí rẹ̀, nítorí ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe ayẹ̀wò iṣẹ́ fún ìjọba àpapọ̀.

Mo yẹ ilé náà wò. Ilẹ̀ mọ́. Wọ́n ti bo gbogbo ihò iná mànàmáná lára ògiri. Orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan wà lára ife rẹ̀. Géètì nìkan ló kù. Ìkọ́ rẹ̀ ti já láti ọdún tó kọjá. Mo sọ fún Stella nígbà náà pé màá bá a wá wẹ́dà. N kò wá a. Àjákù àǹkárá aláwọ̀ ewé ló wá fi ń so ó, kókó mẹ́ta.

Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ni ẹ̀rọ omi wa wà. Èmi ni mo máa ń gba géètì náà lọ tàn án ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Oríkèé ìka mi ti le. Mo lè tú kókó. Títa rẹ̀ ló ń ni mí lára.

Aṣọ tó wà nínú àpò mi, aláwọ̀ ewé ni.

Mo fi awò sójú. Mo tún bi í léèrè ẹni tó ṣí géètì.

Bernice, ọmọbìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́, la ẹnu. "Dádì, láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ṣebí ẹ̀yin..."

Stella di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ̀bi mi ni, Dádì. Ẹ má bínú."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Mo buwọ́ lù ú, mo sì fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọmọ méje ti di méjì. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a, mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ń ká ẹní àwọn ọmọ. Kò wojú mi.

"Ẹ ju bàbá mi lọ, Dádì. Ṣé kí n nawọ́ sí yín lójú yín ni? Mo rò pé ẹ máa sọ ọ́ fúnra yín."

Ní ìpàdé ọjọ́ Sátidé, mo dìde. Mo ní èmi ni mo tú géètì. Mo yọ aṣọ náà hàn wọ́n.

Bọ́lárìnwá, akọ̀wé ẹgbẹ́, rẹ́rìn-ín. "Ẹ wo àánú àgbà," ó ní. "Bàbá fẹ́ bá ọmọbìnrin yẹn gbé ẹrù ẹ̀."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo ní kí wọ́n fa ìwé mi ya. Wọ́n ní ìwé tí a bá ti buwọ́ lù kò ṣe é fà ya. Èmi náà ni mo kọ́ wọn bẹ́ẹ̀.

Tẹjúmádé nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó wo aṣọ náà, ó wo ìka mi. Ó gbé ọmọ rẹ̀ nílẹ̀, ó sì lọ jókòó sórí àga tó jìnnà sí mi.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Stella kó lọ sí Satellite Town. Mo wá wẹ́dà. Kò lò tó ogún ìṣẹ́jú tó fi parí ìkọ́ géètì náà.

Ife kan ṣẹ́ kù lójú fèrèsé ilé Stella. Orúkọ Fìyìnfólúwa ló wà lára rẹ̀.