Ọ̀nà Sùdáànù

Èdè Lárúbáwá ni wọ́n fi kọ lẹ́tà Bámigbóyè, kò sì sí ẹni tó lè kà á nínú ilé wa. Ọkọ mi, Ọmọ́níyì, wọ ọkọ̀ láti Kàbà lọ sí Ìsánlú kí Ààfáà Lájídé lè bá a túmọ̀ rẹ̀. Nígbà tó padà dé, kò bọ́ bàtà kó tó jókòó. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ṣì wà láàyè, ní ilẹ̀ Sùdáànù, níbi tí wọ́n ti ń gbin òwú. Ojú rẹ̀ ti ń fọ́, kò lè dá rìn jìnnà mọ́, ó sì ń bẹ̀ kí ọmọ ìyá rẹ̀ wá mú òun wálé kí ojú náà tó kú tán.

Ọdún 1953 nìyẹn. Bámigbóyè ti kúrò nílé láti bí ọdún méjìdínlógún. Ó bá àwọn Hausa tó ń ta obì lọ sí ọ̀nà Màídúgùri, ó ní òun lọ wá owó tí òun yóò fi gbéyàwó. Èmi ni ìyàwó náà.

Ó ti bá bàbá mi roko àna fún ọdún mẹ́ta. Nígbà tí ọdún mẹ́ta mìíràn kọjá tí a kò gbúròó rẹ̀, ìyá rẹ̀ sunkún rẹ̀ bí ẹni ń sunkún òkú. Àwọn ẹbí jókòó, wọ́n ní iṣẹ́ tó ti ṣe lóko àna kò gbọdọ̀ ṣòfò, wọ́n sì fi mí fún àbúrò rẹ̀. Mi ò kọ̀. Kí n má purọ́, inú mi dùn. Ọmọ́níyì ni mo ti ń wò láti ìgbà tó ti máa ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá sóko wa.

Lẹ́yìn lẹ́tà yẹn, ọkọ mi kò ronú ohun mìíràn ju ìrìn àjò lọ. Akọ̀wé ni, ọ́fíìsì rẹ̀ sì ti fún un ní ìsinmi oṣù méjì, oṣù keje àti oṣù kẹjọ. Ó yá àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà lọ́wọ́ tíṣà kan, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fi òkúta tẹ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó já okùn òwú nídìí òfì mi, ó fi ń wọn ọ̀nà. Lọ́rì dé Ọ̀fà, rélùwéè dé Jọ́ọ̀sì, lọ́rì dé Màídúgùri, kó wá la ilẹ̀ àwọn Faransé kọjá. Nígbà tí okùn dé ẹnubodè Sùdáànù, ó rò pé òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Sùdáànù nìkan tún gba okùn bí ẹni pé kò ní tán.

Ilẹ̀ tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò ṣeé sáré là kọjá, pàápàá fún ẹni tí ikọ́ fée ń dà láàmú. Ọkọ mi kò lè jókòó sórí lọ́rì fún ọjọ́ méjì tẹ̀léra kí àyà rẹ̀ má há. Ó wá ṣètò pé òun yóò máa lọ díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ kan lọ́nà, ọjọ́ méjì ìsinmi. Ó kọ orúkọ àwọn ìlú náà sínú ìwé, Jẹ́náínà, Fáṣà, Obéìdì tí rélùwéè wọn ti bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe ń kọ ọ́ ni oṣù méjì náà ń kún, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì ka ọjọ́ àbọ̀.

Èmi ń gún àgbàdo yíyan sílẹ̀ fún un, ọkàn mi kò sì balẹ̀. Ohun kan wà tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó ku oṣù mẹ́rin kí wọ́n gbé mi lọ sílé ọkọ, obìnrin ará Ẹ̀gbẹ̀ kan tó máa ń ra kíjìpá lọ́wọ́ mi bá mi nídìí òfì. Ó ní ọkùnrin kan tó ti Màídúgùri bọ̀ rán òun sí mi, pé Bámigbóyè ń bọ̀ lẹ́yìn ìkórè, kí n dúró dè é. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ká kíjìpá méjì fún un, ó lọ. Mo sì padà sídìí iṣẹ́ mi.

Ní oṣù kẹfà, Ààfáà Lájídé wá kí wa. Ó ti gba ọ̀nà yẹn lọ sí Mẹ́kà nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Ó wo ìwé ọkọ mi títí, ó ní ìgbà òjò kọ́ ni wọ́n ń rin ọ̀nà náà. Àwọn odò tó jẹ́ iyanrìn lásán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn a kún, lọ́rì a sì dúró. Òun fúnra òun lo ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lábẹ́ igi kan létí odò. Ó ní kó dúró di oṣù kọkànlá. Ọkọ mi sìn ín dé ojú títì, ó padà wá, ó mú kálàmù, ó fi ọjọ́ mẹ́wàá kún ti Fáṣà.

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé òjò kò ní dá a dúró. Mo gbọ́ bí èémí rẹ̀ ṣe ń súfèé lórí ìwé náà, mo rí i pé ó lè kú sétí odò kan nítorí ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì.

“Bàbá Elizabeth,” mo ní, “ẹ má lọ nínú òjò yìí. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi lẹ fẹ́ fi àyà yín ru.”

Mo sọ ti obìnrin ará Ẹ̀gbẹ̀ náà fún un látòkèdélẹ̀. Àwòrán ilẹ̀ ni mo ń wò, mi ò lè wo ojú rẹ̀. Kò pariwo. Ó ń ṣa àwọn òkúta náà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ọ̀dọ̀ mi ni obìnrin yẹn kọ́kọ́ yà,” ó ní. “Ó jíṣẹ́ náà fún mi, èmi ni mo ní kó lọ bá ọ.”

“Ẹ mọ̀ pé ó jíṣẹ́ fún mi?”

“Mo ń retí kí o sọ ọ́. Nígbà tí o kò sọ ọ́, mo yọ̀.”

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la ti jọ ń sùn lórí ẹní kan náà, oníkálukú pẹ̀lú ẹrù tirẹ̀. Ẹnìkan ì bá rò pé ẹrù náà á fúyẹ́ nígbà tí a ti jọ mọ̀ ọ́n. Kò fúyẹ́. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí ọ̀rọ̀ láàrin wa ju ti oúnjẹ àti omi ìwẹ̀ lọ. Oṣù keje wọlé, ìsinmi rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ń jáde lọ sóko láràárọ̀ bí ẹni tí kò ní ìrìn àjò kankan lọ́kàn mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wọlé, ó ní òun ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, kí òun lè lọ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn láìka ọjọ́ ìsinmi ẹnikẹ́ni. Mo bi í pé kí la ó máa jẹ. Ó ní òun kò mọ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ pé àwa méjèèjì la ó jọ lọ.

“Kí la máa sọ fún ẹ̀gbọ́n yín?” mo bi í.

“Ohun tí a ṣe. Kí ẹ̀gbọ́n mi tó bá wa wọ ọkọ̀, kí wọ́n mọ ẹni tó wá mú wọn.”

Ààfáà Lájídé bá wa kọ lẹ́tà ṣíwájú pé à ń bọ̀. Èsì kò dé. Ní oṣù kọkànlá, a fi Elizabeth ọmọ wa sọ́dọ̀ àbúrò mi, a sì wọ lọ́rì tó ń lọ sí Ọ̀fà. Ọkọ mi jókòó síwájú nítorí eruku, èmi wà lẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù. Mo ń gbàdúrà pé kí a bá Bámigbóyè láàyè, kí ojú rẹ̀ sì ṣì ríran díẹ̀. Nígbà tí mo rántí pé ojú náà ni yóò fi wò mí, àdúrà náà dá mọ́ mi lẹ́nu.