Omi Gbígbóná fún Ẹsẹ̀ Hàlímọ̀tù

Láti ìgbà tí Àríkẹ́ ti wọ ilé Abdulmumini ní Ṣàngó, títí ọmọ fi dé, ọkọ rẹ̀ kò mú un dé Èkó rí. Bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà ló ń fi lọ́rì kó iṣu láti Òkè-Oyì lọ síbẹ̀. Bí Àríkẹ́ bá ní òun fẹ́ tẹ̀ lé e, á ní ọ̀nà kò dára, tàbí kó ní ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Lọ́dún tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ máa gba apá ọ̀tún ló wá fẹ́ Hàlímọ̀tù ṣe ìyàwó kejì. Làálì ìyàwó kò tíì ṣí lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tó fi gbé e síwájú lọ́rì, ó di Èkó.

Lọ́jọ́ tí wọ́n padà dé, ńṣe ni ọkọ gbé ìyàwó sọ̀kalẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin. Ẹsẹ̀ Hàlímọ̀tù wú, ilà pupa sì wé mọ́ ọn láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀, bí ẹni tí wọ́n fi pàṣán nà.

“Kí ló ṣe é?” Àríkẹ́ bèèrè.

“Ẹ̀dá inú òkun kan ni, Ìyá Láwàl,” ọkọ rẹ̀ dáhùn. “Ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò dì, ó sì ní okùn wẹ́wẹ́ nídìí. Okùn yẹn ló ta á. Mo fẹ́ fi yanrìn ha á, apẹja kan ló dá mi dúró. Ó ní bí a bá ha á, oró á túbọ̀ wọra. Omi òkun ló fi ṣàn án, ó fi igi ṣa okùn náà kúrò, ó ní ká máa ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná tí ara lè gbà.”

Àríkẹ́ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n òkun nìkan ló dúró sí i létí. Àwọn méjèèjì jọ ṣeré lọ sétí òkun, òun wà nílé, òun ń fọ aṣọ ọmọ.

“Bá wa gbé omi kaná,” Abdulmumini ní. Ó jókòó ti ìyàwó rẹ̀, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí Àríkẹ́ bí Láwàl, tí ibà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ, ta ló fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i?

Omi náà hó yaya. Àríkẹ́ kò bu omi tútù sí i. Ó dà á sínú bàsíà, ó gbé e wá. Ọkọ ti lọ kírun àlàásárì.

“Ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́,” ó wí fún Hàlímọ̀tù.

Ìyàwó kò wo omi. Ojú ìyálé rẹ̀ ló ń wò. “Ẹ ṣeun, Ìyá Láwàl. Mo bẹ Bàbá Láwàl pé kí wọ́n mú yín dání. Wọ́n ní ẹ ò ní gbà.” Ó gbé ẹsẹ̀ sókè.

Àríkẹ́ gbá ẹsẹ̀ náà mú kó tó kan omi. “Dúró. Ó gbóná jù.” Ó bu omi tútù sí i. Ó ki ọwọ́ ara rẹ̀ bọ̀ ọ́, ó tún bu díẹ̀ sí i, kó tó rọra gbé ẹsẹ̀ ìyàwó sínú rẹ̀. Nígbà tó yá, Hàlímọ̀tù mí kanlẹ̀, ó ní oró náà ń rọlẹ̀.

“Bàbá Láwàl kò bi mí léèrè,” Àríkẹ́ ní. “Irọ́ ló pa pé n kò ní gbà.” Ó fi ọwọ́ bu omi lé ẹsẹ̀ náà. “Báwo ni òkun ṣe rí?”

“Ó ń pariwo. Ẹ̀rù bà mí.”

Bí Abdulmumini ṣe ti mọ́ṣáláṣí dé, Àríkẹ́ dìde. “Bàbá Láwàl, bí lọ́rì bá tún ń lọ, èmi ni n ó jókòó síwájú.”

Ọkọ wo ẹsẹ̀ inú bàsíà. “Pẹ̀lú ohun tó ṣe ìyàwó yìí?”

“Kó ta èmi náà,” ni Àríkẹ́ wí.

Ó lọ lóòótọ́, nígbà tí wọ́n tún kó iṣu. Ó dágbére fún Hàlímọ̀tù lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n nítorí omi híhó ọjọ́ yẹn, kò lè wo ojú rẹ̀.