Ẹ̀bọ̀lọ̀ Etí Odò

Lọ́dún 1994, oko kòkó Bàbá Ọláfimíhàn wà lára ibi tí ìjọba ti ń dán oògùn apakoríko tuntun kan wò, kí wọ́n tó pinnu bóyá kó dé ọjà. Lọ́sẹ̀ kẹta tí wọ́n ti fín in, Ìyáàfin Akínkúnlé, òṣìṣẹ́ tó ń yẹ oko náà wò, gbé fọ́ọ̀mù dé.

"Bàbá, koríko ti kú pátá. Ẹ fọwọ́ síbí."

"Ẹ̀bọ̀lọ̀ etí odò ńkọ́?"

"Ṣé ìyẹn kì í ṣe koríko ni, Bàbá?"

"Lójú ẹni tí kò mọ ọbẹ̀ ni."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bàbá kò rẹ́rìn-ín. Àṣàbí ìyàwó rẹ̀ ló máa ń já ẹ̀bọ̀lọ̀ náà. Ó ti di ọdún mẹ́ta tó ti kú, síbẹ̀ bí bàbá bá jókòó sétí odò nírọ̀lẹ́, tí òórùn ewé náà ta sí i nímú, á dà bíi pé Àṣàbí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbẹ̀ ni. Báyìí, ilẹ̀ ibẹ̀ ti pọ́n kuku.

"Ohun tó bá wà nínú ìwé yìí ni àwọn ọ̀gá yín á fi pinnu, àbí?"

"Òun náà ni, Bàbá."

"Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó pa ẹ̀bọ̀lọ̀."

"Kò sáyè fún un."

"Ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé. Mo ń dúró."

Ó dúró lóòótọ́, títí obìnrin náà fi kọ ọ́, tó sì kà á sí i létí lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà náà ni bàbá fọwọ́ sí i.

Láti ọjọ́ náà, bí òjò bá ti dá, etí odò ló kọ́kọ́ ń lọ wò, kó tó wo kòkó.