Àpótí Tí Kò Ní Ìdérí

Nígbà tí Baba Àpótí ṣì wà láyé, tí ìyá rẹ̀ arúgbó ṣì ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà, tó ń bá gbogbo ẹni tó ń kọjá jà pé wọn ò kí òun dáadáa, tí Agbẹ̀bí ṣì lè gun àtẹ̀gùn láì di ògiri mú, ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní òdìkejì títì sí ibùdókọ̀ ojú irin kò ní ju ẹ̀rọ ìmí kan ṣoṣo lọ. Ẹni tí kò lè mí dáadáa ni wọ́n ń ti rọ́bà rẹ̀ bọ̀ nímú. Bí ẹni méjì bá jọ dé, nọ́ọ̀sì á yọ ọ́ nímú ẹnì kan, á fi sí ti ẹnì kejì, bí ìyá ìbejì tí ọmú rẹ̀ kan ṣoṣo ló ní wàrà.

Káfíńtà ni Baba Àpótí. Ìyàwó rẹ̀, tó ń ránṣọ, mọ̀ pé lẹ́búlẹ́bú igi tí ọkọ òun ti ń fà símú láti ìgbà èwe ló gbá jọ sí i láyà. Bó bá fa ayùn díẹ̀, á gbé e sílẹ̀, á sinmi, á tún gbé e. Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn yẹn, ẹ̀rọ wà nímú rẹ̀, ara ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tù ú ni, tí wọ́n gbé ọmọdébìnrin kan wọlé, ètè ọmọ ti ń dúdú. Nọ́ọ̀sì wo ọkọ, ó wo ìyàwó. Káfíńtà fúnra rẹ̀ ló fa rọ́bà náà yọ. Ọmọ yè. Òun náà yè, àmọ́ títí ẹ̀rọ fi padà kàn án, ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ló dì mú, èékánná rẹ̀ sì wọ obìnrin náà lára. Àpá rẹ̀ ò tètè lọ.

Ibẹ̀ ni àwọn ará àdúgbò ti kó ẹgbẹ́ jọ, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ owó ẹ̀rọ kejì. Agbẹ̀bí, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ni wọ́n fi ṣe olórí. Kí ẹnikẹ́ni tó nawọ́ sí ẹnikẹ́ni, ó lọ gba ìwé àṣẹ ní káńsù, nítorí àwọn gbájúẹ̀ kan ti fi orúkọ aláìsàn jẹun ní ìgboro, ojú àwọn èèyàn sì ti là. Ìwé náà sọ ibi tí wọ́n á dúró: iwájú ẹnu ọ̀nà ibùdókọ̀, kì í ṣe ojú títì. Agbẹ̀bí wá fi tirẹ̀ kún un. Ẹni méjì ni yóò máa dúró ti àpótí. Wọn ò gbọdọ̀ mì ín sí ẹnikẹ́ni lójú. Wọn ò sì gbọdọ̀ tẹ̀ lé ẹni tó ń lọ, bó ti wù kí aṣọ rẹ̀ dán tó.

"Olówó ló ń wá bá àpótí," ló máa ń wí. "Àpótí kì í rìn."

Àpótí ọ̀hún, káfíńtà ló ń kàn án, kò sì ní ìdérí. Ihò tóóró kan ló wà lókè rẹ̀, ìyókù, ó ti fi ìṣó kàn án pa. Bó bá kún, á fi òòlù fọ́ ọ níwájú ibùdókọ̀ lójú gbogbo ayé, á tún lọ kan òmíràn. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí pé kó fi ìdérí àti àgádágodo sí i, kó lè gbé ayùn jù sílẹ̀. Kò gbà.

"Ihò yẹn, etí ni," ó ní. "Ohun tó bá ní ìdérí ti ní ẹnu. Ohun tó bá sì ní ẹnu, á jẹun lọ́jọ́ kan."

Ìyàwó ní etí àpótí kúkú sàn ju tirẹ̀ lọ, ohun tí wọ́n bá sọ sí i a máa wọlé. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

Bí àpótí bá ń kún, inú gbogbo ẹgbẹ́ a máa dùn, àyà aránṣọ nìkan ló ń já. Ó mọ̀ pé ayùn tún ń bọ̀ nìyẹn. Ní tirẹ̀, kí owó ẹ̀rọ tètè pé, kí àpótí dópin, kí ọkọ òun sinmi.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, tí Agbẹ̀bí àti aránṣọ jọ dúró ti àpótí, òjò ṣú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Gbogbo èrò tó ń jáde ní ibùdókọ̀ ń sá lọ sábẹ́ òrùlé ilé ìtajà kan ní òdìkejì títì. Ẹnikẹ́ni ò yà sọ́dọ̀ wọn. Aránṣọ ní kí wọ́n sọdá. Agbẹ̀bí ní ìwé àṣẹ ò dé ọ̀hún, ó ní òjò tó ń rọ̀ ń bọ̀ wá dá, ó sì wọ inú ibùdókọ̀ lọ yá agbòjò. Aránṣọ wo èrò tó pọ̀ bí eṣú lábẹ́ òrùlé yẹn. Ó gbé àpótí mọ́ àyà, ó já sí títì.

Ọkọ̀ ẹlẹ́rù kan fọn fèrè, bíréèkì rẹ̀ ké, omi ẹrẹ̀ ta bò ó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, orúnkún rẹ̀ gbálẹ̀, kò ju àpótí sílẹ̀. Ó dìde tìrora-tìrora, ó dé abẹ́ òrùlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mi àpótí. Àwọn èèyàn ń sún sẹ́yìn. Obìnrin kan sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé àwọn yẹn tún ti dé. Kò pẹ́ tí ẹ̀ṣọ́ káńsù fi dì í lápá mú. Ó béèrè ìwé, ìwé wà lọ́wọ́ Agbẹ̀bí. Ó béèrè ẹnì kejì, kò sí. Ó gba àpótí lọ.

Nígbà tí aránṣọ délé, ó rò ó pé kí òun má sọ. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà lórúnkún rẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wo orúnkún náà.

"Ṣé ọkọ̀ yẹn kàn ọ́?"

"Kò kàn mí."

"Tó bá kàn ọ́ ńkọ́? Èémí wo ni mo ní tí mo fẹ́ fi sunkún ẹ?"

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n jọ lọ sí ọ́fíìsì káńsù. Gbogbo ìpele àtẹ̀gùn tí káfíńtà bá gùn ló ń dúró mí. Agbẹ̀bí ti ń sọ fún akọ̀wé pé òun ló jẹ̀bi, òun ló fi ẹnì kan ṣoṣo sílẹ̀ ti àpótí. Aránṣọ kúnlẹ̀ lórí orúnkún tó bó náà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni. Agbẹ̀bí ò rán mi. Ẹ má torí tèmi gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn."

Akọ̀wé ní kó dìde. Ó ní kí káfíńtà fọ́ àpótí. Káfíńtà fọ́ ọ, owó wà nínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ sí i. Akọ̀wé ní òun rí i pé ẹnikẹ́ni ò jalè. Àmọ́ àwọn tó wà lábẹ́ òrùlé lọ́jọ́ náà, obìnrin kan tí kò ní ìwé, tí kò ní ẹnì kejì ni wọ́n rí.

"Tí mo bá fojú fò yín torí pé mo mọ̀ yín," ó ní, "kí ni mo máa sọ fún gbájúẹ̀ lọ́la?"

Ó ní kí wọ́n dáwọ́ dúró títí òjò á fi kásẹ̀ nílẹ̀. Tí wọ́n bá sì padà dé, àpótí gbọ́dọ̀ ní ìdérí àti àgádágodo méjì, kọ́kọ́rọ́ kan lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ọ̀kan lọ́wọ́ káńsù, kí wọ́n jọ máa ṣí i.

"Kì í ṣe pé a ò gbà yín gbọ́, Baba. Lọ́jọ́ tí ẹ ò bá lè gun àtẹ̀gùn yìí mọ́, ta ló máa kan òmíràn?"

Wọ́n rò pé inú á bí i. Ó wo àfọ́kù àpótí tó wà nílẹ̀ títí.

"Ẹnu tí ẹni méjì bá jọ dì mú," ó ní, "kò lè dá jẹun."

Ó kan ti ìkẹyìn. Aránṣọ rán aṣọ kan tó fi bo imú ọkọ rẹ̀, ó sì bá a di pákó mú. Nígbà tí ó kàn án tán, ó gbé ayùn kọ́ ara ògiri, kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ mọ́. Òjò kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n padà sí ẹnu ọ̀nà ibùdókọ̀. Àwọn èèyàn kọ́kọ́ ń wò wọ́n tìfura-tìfura, ó pẹ́ kí ojú wọn tó rọ̀. Ìgbà tí ọyẹ́ ń lọ ni ẹ̀rọ kejì dé. Wọ́n tún ń tọrọ owó bẹ́ẹ̀dì nígbà tí àìsàn dá káfíńtà padà sí ilé ìwòsàn. Ní Sátidé tó kan ìyàwó rẹ̀, káfíńtà fúnra rẹ̀ ló lé e jáde lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Ó ní kó lọ dúró níbi tirẹ̀, òun náà ń dúró sí tòun.

Nígbà tí obìnrin tó ń gbálẹ̀ ilé ìwòsàn wá pe aránṣọ nídìí àpótí, ara rẹ̀ ti fẹ́ sáré. Ó wo àpótí. Agbẹ̀bí na ọwọ́ pe ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, tó ti wọ ẹgbẹ́ wọn, ó wá dúró ṣe ẹnì kejì. Agbẹ̀bí ní, "Máa lọ, àbúrò." Aránṣọ dúró létí títì títí ọkọ̀ fi dúró, kó tó sọdá.

Ọmọdé kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì, rọ́bà ẹ̀rọ tuntun nímú rẹ̀. Rọ́bà ti àtijọ́ wà nímú káfíńtà. Ẹ̀rọ méjèèjì jọ ń kùn. Nọ́ọ̀sì dúró láàárín wọn, ó ká ọwọ́, kò sí ẹni tó ní láti yàn.

"Ta ló wà nídìí àpótí?" káfíńtà béèrè.

"Agbẹ̀bí ni. Òun àti ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì."

"Ẹni méjì," ó wí, ó sì pa ojú dé.

Ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, kò fi èékánná mú un. Kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, ó kú, rọ́bà ṣì wà nímú rẹ̀.