Ẹ Má Pe Orúkọ Rẹ̀

Láti àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ yẹn ni Rodiat ti ń ṣọ́ fóònù rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ jòjòló tì. Bó bá gbé e kalẹ̀, á tún gbé e. Àwọn tó ń ṣe àjọ̀dún fíìmù adẹ́rùbani àti fíìmù àràmàǹdà ti sọ pé tí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ọ̀ tán, àwọn á gbé orúkọ àwọn fíìmù tí àwọn máa fi hàn lọ́dún yìí síta. Ẹ̀wà àgànyìn tó rà láàárọ̀ ti dì sínú abọ́, kò lè jẹ ẹ́.

Lórí WhatsApp tí àwọn tó fi fíìmù ránṣẹ́ sí àjọ̀dún náà ti ń pàdé, àsọtẹ́lẹ̀ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbádùn. Ọ̀kan ní fíìmù màmí wọ́tà kan tí wọ́n yà ní Ẹ̀pẹ́ ti wọlé, òun gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó mọ̀. Òmíràn ní ti orí tí wọ́n gé tó ń kọrin ni wọ́n máa fi ṣí àjọ̀dún. Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ *Oníkọ́tìnnì*, fíìmù Rodiat. Ó ti fi ọdún kan gbáko sọ fún gbogbo Ìsọlọ̀ pé òun ń ya fíìmù. Bí wọn ò bá wá mú un ńkọ́? Ojú wo ló fẹ́ fi wò wọ́n?

Tirẹ̀ ò ní orí tó ń kọrin. Ìtàn tí Ìyá Àgbà, ìyá bàbá rẹ̀, máa ń sọ fún un ní Ìwó ló fi ṣe é: ọkùnrin kan kú, wọ́n sin ín, ó di àkúdàáyà, ó lọ ń gbé ìlú mìíràn, ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìyá Àgbà a máa rẹ ohùn sílẹ̀ bó bá dé ibi tó kù. "Tó o bá rí irú wọn, má pe orúkọ ẹ̀ o. Gbàrà tó bá ti gbọ́ orúkọ ẹ̀, ó lọ nìyẹn, o ò ní rí i mọ́ láéláé." Nínú fíìmù Rodiat, ọjà Aswani ní Ìsọlọ̀ ni òkú náà sá wá, ó ń rán kọ́tìnnì níbẹ̀, títí di ọjọ́ tí àwọn ará ilé rẹ̀ wá rajà, tí wọ́n rí i, tí wọ́n ké orúkọ rẹ̀, tí gbogbo wọn sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Bàbá rẹ̀, Múdàṣírù, tó ń rán kọ́tìnnì ní Aswani lóòótọ́, ló gbà láti ṣe òkú. Òun fúnra rẹ̀ ló gé aṣọ funfun tí wọ́n fi dì í. Wọ́n ki òwú bọ̀ ọ́ nímú, ló bá ń sín. Teslim, ọmọ Èjìgbò tó di kámẹ́rà mú, ní, "Daddy, òkú kì í sín o!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn.

Láàárọ̀ Jímọ̀ọ̀ yìí, bàbá ti wọkọ̀ ní Òṣòdì, ó ń gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ fún ìyá rẹ̀ ní Ìwó, bó ṣe máa ń ṣe lóṣooṣù. Kò sí iná mọ́jú, fóònù rẹ̀ ti kú, ló bá fi í sílẹ̀ lójú fèrèsé. Ó ní ta ló tún fẹ́ pe òun lójú ọ̀nà.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun, ara Rodiat ò gbà á mọ́. Ó mú àwòrán tó dáa jù nínú fíìmù náà, ó gbé e sí status rẹ̀: bàbá rẹ̀ nà gbalaja, aṣọ funfun dé ọrùn, òwú nímú. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àdúà ràn mí lọ́wọ́ lónìí." Kò dárúkọ fíìmù, kò dárúkọ àjọ̀dún. Kò sí bí a ṣe lè mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀ tó, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ, ṣùgbọ́n ti Rodiat yìí, ẹmọ ló pọ̀ ju iyán lọ.

Kíá làwọn èèyàn ti ń fi àwòrán ojú tó ń sunkún ránṣẹ́. Rodiat ní àwọn èèyàn òun mà nífẹ̀ẹ́ fíìmù yìí o. Àǹtí Ìsíátù, àbúrò bàbá rẹ̀ ní Ìwó, pè é. Ó gé e. Àǹtí tún pè, ó tún gé e. Aṣọ ni yóò fẹ́ kí ó bá òun rà, ta ló ráyè aṣọ lónìí?

Teslim ló já wọlé lójijì, òógùn bò ó.

"Rodiat, kí lo gbé sí status? Wọ́n ti ń pín in kiri. Gbogbo àdúgbò wa ló ń kí mi kú ará fẹ́ra kù. Wọ́n ní Daddy ti kú!"

Rodiat wo àwòrán náà bí ẹni tí ò rí i rí. Ó pa á rẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ó pe Ìwó.

"Rodiat!" Ẹkún ni Àǹtí Ìsíátù fi gbé fóònù. "O ò mọ bó o ṣe máa sọ ọ́, lo ṣe ń gé fóònù mọ́ mi létí! Wọ́n ti ń gbẹ́ sàréè o. Ìgbà wo lẹ máa gbé wọn dé?"

"Àǹtí, wọn ò kú! Fíìmù ni! Ìyá Àgbà ńkọ́?"

"Ìbànújẹ́ ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́, wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn jókòó…" Fóònù já. Ó tún pè, wọ́n ti pa á, kò sì ní nọ́ńbà ẹlòmíràn ní Ìwó.

Ẹ̀rù wá ba Rodiat gidi, kì í ṣe ẹ̀rù inú fíìmù. Bàbá rẹ̀ á ti kọjá Ìbàdàn báyìí. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi rìn wọ agbo ilé tí wọ́n ti tẹ́ ẹní ọ̀fọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ìròyìn ikú ò bá pa ìyá arúgbó ẹlẹ́jẹ̀ ríru, rírí òkú ọmọ rẹ̀ tó ń rìn wọlé á pa á. Fóònù bàbá ló sì wà lójú fèrèsé yìí, kò sẹ́ni tó lè kìlọ̀ fún un.

"Ó ti jáde!" Teslim pariwo. "Rodiat, wọ́n mú wa! Wò ó, *Oníkọ́tìnnì*!"

"Gbé e kúrò lójú mi, Teslim."

Ó jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún, ó ń bẹ Ọlọ́run. Wọ́n ti kírun Alaasári kí fóònù tó dún. Nọ́ńbà tí kò mọ̀ ni.

"Rodiat." Ohùn bàbá rẹ̀ ni. "Kí lo fi mí ṣe?"

Kó tó máa bẹ̀bẹ̀, bàbá ti ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Mo ní kí n wọlé, mo bá ẹní àti àwọn ààfáà. Ààfáà gan-an ló kọ́kọ́ rí mi. Ọ̀rọ̀ di bó ò lọ, o yà fún mi! Ìsíátù fi bàtà sílẹ̀. Èmi náà fẹ́ bá wọn sá, mi ò sì mọ ohun tí wọ́n ń sá fún."

"Ìyá Àgbà ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, bàbá mi, Ìyá Àgbà ńkọ́?"

Bàbá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Wọn ò sá. Wọ́n wò mí títí, wọ́n fọwọ́ pa mí lójú, wọ́n ní ṣé mo ti jẹun. Bí mo ṣe ń jẹ ẹ̀kọ lọ́wọ́ yìí, wọ́n di etí aṣọ mi mú. Ìsíátù fẹ́ ké pè mí, wọ́n jágbe mọ́ ọn: 'Pa ẹnu ẹ mọ́! Ẹ má pe orúkọ ẹ̀ o. Bẹ́ ẹ bá pè é, á lọ.'"

"Ẹ ò sọ fún wọn pé fíìmù ni?"

"Mo sọ ọ́ títí. Wọ́n ní àwọn gbọ́. Wọ́n ní bó jẹ́ fíìmù, bó jẹ́ òkú, èyí tó wọlé yìí làwọn máa gbà." Ohùn rẹ̀ yí padà. "Ìyá mi ò pe orúkọ mi láti ìgbà tí mo ti dé, Rodiat."

Ìgbà tí bàbá gbé fóònù sílẹ̀ tán, Rodiat ò dìde. Nínú fíìmù rẹ̀, gbogbo ará ilé ló sá. Kò wá sí i lọ́kàn rí pé ẹnìkan lè jókòó.

Teslim rọra fa fóònù sún mọ́ ọn. Àwọn tó ń ṣe àjọ̀dún ń béèrè orúkọ àwọn tó ṣeré, wọ́n fẹ́ gbé e sábẹ́ orúkọ fíìmù kó tó di alẹ́. Rodiat nu ojú, ó ń tẹ̀ wọ́n lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dé orí ẹni tó ṣe òkú, ìka rẹ̀ dúró. Lẹ́yìn náà, ó tẹ̀ ẹ́: Bàbá Rodiat.

"Orúkọ wọn gan-an ni wọ́n fẹ́ o," Teslim wí.

"Mo mọ̀," ó ní, ó sì fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀.