Ta Ló Ṣì Dì Í Mú?

…ihò wà níbẹ̀. Kò lè ṣàì sí. Ọdún mọ́kànlélógún tí mo ti ń yẹ ìwé ìwádìí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, kò sí ọ̀nà tuntun tí mi ò rí ihò rẹ̀ kí tíì mi tó tutù. Àwọn olóòtú kì í fi orúkọ òǹkọ̀wé hàn wá, kí a má baà ṣojúsàájú. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi náà ò bi wọ́n.

Kí lẹni yìí tiẹ̀ ń sọ? Ohun tí ètò kọ̀ǹpútà bá kó sínú ìrántí ẹ̀rọ, agbálẹ̀, ìyẹn ètò tó ń gbá inú ìrántí náà, ń bọ̀ wá palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò dì mú mọ́ nìkan ló ń kó. Mo mọ ìyẹn bí ẹni mowó. Òun wá ní kí ohun kọ̀ọ̀kan ní ẹnì kan ṣoṣo tó ni ín, kí àwọn yòókù kàn máa yá a lò. Bí ẹni tó ni ín bá ti jọ̀wọ́ rẹ̀, kí ọwọ́ àwọn yòókù já. Ẹnu dùn ún ròfọ́.

Àkọsílẹ̀ àwọn tó ń retí ìròyìn ńkọ́? Ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń ṣubú. Fèrèsé kan lójú kọ̀ǹpútà á ní, bí nǹkan bá yí padà, ẹ pè mí. Wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n á pa fèrèsé dé, kò sẹ́ni tó máa rántí yọ orúkọ — àkọsílẹ̀ ò sì ní jẹ́ kí agbálẹ̀ gbé e. Mo mọ̀ ọ́n. Èmi náà ti… ká fìyẹn sílẹ̀.

Mo ti kọ èsì: ẹ dá a padà. Mi ò tíì tẹ bọ́tìnnì. Jẹ́ kí n ṣí ojú ìwé kọkànlá, kí wọ́n má baà ní mi ò kà á tán.

Hẹn-ẹn. Ó ti dí ihò náà. Ó dí i pa. Àpẹẹrẹ rẹ̀ sì ni… ẹ̀rọ tó ń fi àkókò ọkọ̀ ojú irin hàn, tó ń kú ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta nítorí fèrèsé tí wọ́n ti pa dé tó ṣì kún inú ìrántí rẹ̀.

Àṣìṣe mi nìyẹn. Mi ò kọ ọ́ síbì kankan rí. Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ nígbà náà mọ̀, ó ti fẹ̀yìn tì. Ẹnì kan ló kù tó mọ̀ ọ́n — àbúrò tó jókòó tì mí nígbà náà, tá a ń pè ní Oníbéèrè. "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ṣì dì í mú?" Àràárọ̀, ìbéèrè kan náà. Mo ní kó dákẹ́. Mo ní iṣẹ́ yìí kì í ṣe tiẹ̀.

Òun ló kọ ìwé yìí. Orí mi wú. Ojú ti mí díẹ̀, àmọ́ orí mi wú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí mo fi pa mọ́ ló fi kọ́lé. Kí n kàn buwọ́ lù ú…

Òfin wà o. Ẹni tó bá mọ òǹkọ̀wé, kó gbé ìwé náà fún ẹlòmíràn. Ta ló máa mọ̀ pé mo mọ̀? Bí ẹlòmíràn náà bá sì jọ mí ńkọ́, tí ò dé ojú ìwé kọkànlá?

Ó dí ihò náà láìsí èmi.

Mo pa èsì rẹ́. Ìka mi ṣì wà lórí ìwé tó yẹ kí n gbé fún ẹlòmíràn. Ta ló ṣì dì í mú?

Èmi ni.