Ogún Bàbá Húfà

Nígbà tí Rọ̀kíbátù fi máa jáde láti ilé ìyàgbẹ́, wọ́n ti fa ìfun ọgbọ̀n húfà yọ.

Ẹ̀wà àárọ̀ ló ṣe é. Obìnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tó ti ní ọmọ-ọmọ, tó mọ̀ dájú pé òun àti ẹ̀wà kò rẹ́ mọ́, ló jẹ àwo méjì kó tó kúrò nílé ní Ṣàngótẹ̀dó, nítorí ó ní ọjọ́ pípín ogún kì í ṣe ọjọ́ tí èèyàn ń gbé ikùn òfìfo lọ jókòó. Ikùn náà kò sì ṣófo. Ìgbà tí wọ́n ń kó húfà bọ̀ wá sí àgbàlá gan-an ló yàn láti fi bá a jà.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó ṣì ń so ìró rẹ̀ mọ́dìí. Lábẹ́ igi furúùtù, Àyìndé àbúrò rẹ̀ ti fi ẹsẹ̀ kan tẹ ikùn húfà pupa, ó di ìfun rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó ń fà á bí ẹni ń fa iṣu nínú ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Ìfun náà já pọ́ọ̀ kúrò lára ẹ̀rọ. Àyìndé jù ú sórí àwọn tó ti wà nílẹ̀ bí ejò tí wọ́n ti pa.

"Kí lẹ ń ṣe?"

Wọ́n ní kó wá jókòó.

Fákúùmù ni àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè é, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa ìdọ̀tí lára kápẹ́ẹ̀tì. Rọ́bà gígùn rẹ̀ ni ìfun, orí tó ń kan ìdọ̀tí ni ẹnu. Bàbá wọn kò pè é lórúkọ mìíràn rí ju húfà lọ, òun náà ni gbogbo Àjáh ṣe ń pè é ní Bàbá Húfà títí ó fi kú. Èyí àkọ́kọ́, ẹja ló fi gbà á. Ìyẹn kó tó di pé títì márosẹ̀ dé, nígbà tí bàbá ṣì ń wa ọkọ̀ gba orí ọ̀sà lọ ta ẹja fún àwọn kúùkù Ìkòyí. Kúùkù kan tí òyìnbó rẹ̀ ń padà sílùú wọn ló ní kó gbé húfà, kó fún òun ní ẹja ńlá kan. Bàbá gbé e wálé, ó fi í jókòó sí àárín ọkọ̀ bí ìyàwó tuntun. Iyanrìn ni ilẹ̀ ilé wọn nígbà náà. Kò síná, kò sí kápẹ́ẹ̀tì. Ìyá Rọ̀kíbátù bi í pé ilẹ̀ wo ló fẹ́ fi gbá. Ó ní kó má ṣèyọnu, ilẹ̀ tí òun máa gbá ń bọ̀ lọ́nà.

Ilẹ̀ náà sì dé. Márosẹ̀ la inú igbó àgbọn kọjá, ilẹ̀ tí wọ́n fi ń gbin ẹ̀gẹ́ di ohun tí àwọn olówó ń du mọ́ra wọn lọ́wọ́. Bí àwọn onílẹ̀ yòókù bá ń gba ewúrẹ́ àti kéèsì mínírà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, Bàbá Húfà á gba ewúrẹ́, á gba mínírà, á wá béèrè húfà àlòkù. Kò gba tuntun. Ó ní èyí tó bá ṣì jẹ́ tuntun kò tíì gbọ́ àṣírí ilé ẹnikẹ́ni. Àwọn tó kọ́lé sí ọ̀nà Thomas Estate á máa lọ bẹ ìyá àgbà wọn ní Sùúrùlérè pé kó bá wọn wo abẹ́ àtẹ̀gùn bóyá èyí tí òyìnbó fi sílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Báyìí ni húfà ṣe kún yàrá kan, tó kún èkejì, tó fi di pé ìyá Fàrídátù, ìyàwó kẹta, ń sùn ní pálọ̀.

Ní báyìí, bàbá ti kú, wọ́n ti ṣe fìdáù ogójì ọjọ́, ẹbí sì ti pé láti pín ogún ní ìdí-igi. Ìyàwó mẹ́ta, ìdí-igi mẹ́ta, ìpín mẹ́ta, yálà ìyàwó bí ọmọ kan ni o tàbí ó bí mẹ́wàá. Rọ̀kíbátù nìkan ni ìyá tirẹ̀ bí. Àyìndé ló ń ṣojú ìdí-igi kejì, Fàrídátù ló ń ṣojú ìkẹta. Wọ́n ti pín ilẹ̀ tó kù láàárọ̀, wọ́n pín ilé, Rọ̀kíbátù kò la ẹnu. Ibi tí wọ́n ní kó mú ló mú. Nítorí húfà ló ṣe wá.

Bàbá Ọlálérè, àbúrò bàbá wọn tó jẹ́ olórí ẹbí, jókòó sórí àga onígi, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ra. Ó ṣàlàyé fún un. Ó ní húfà kan kò dọ́gba pẹ̀lú èkejì. Òmíràn ń ṣiṣẹ́, òmíràn ti kú, ọ̀kan tóbi, ọ̀kan kéré, bí wọ́n bá ní kí wọ́n máa kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, ìjà ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀. Nítorí náà, kí ohun tó jọra máa wà pọ̀. Ara ẹ̀rọ lápá kan, ìfun lápá kan, ẹnu nínú báàfù. Òkìtì mẹ́ta fún ìdí-igi mẹ́ta. Kò sẹ́ni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

Rọ̀kíbátù wò ó títí tí ojú fi ń ta á.

"Bàbá, bí èèyàn bá fi màlúù sílẹ̀ láàyè, ṣé ẹ ó kó orí fún ẹnì kan, ẹ ó kó ìfun fún ẹnì kan, ẹ ó wá ní kí kálukú máa fún wàrà lọ nílé ẹ̀?"

Àgbàlá dà sẹ́rìn-ín. Bàbá Ọlálérè gan-an fi abẹ̀bẹ̀ bo ẹnu. Ẹ̀rín yẹn ló wá dáná sí Rọ̀kíbátù lára. Ó ní ṣé òun ń dápàárá ni. Ó ní bí ó bá jẹ́ mọ́tò ni bàbá fi sílẹ̀, ṣé wọ́n á kó táyà fún Fàrídátù ni. Ó ní ojú ti òun fún wọn, àwọn ọmọ tó jẹun lábẹ́ orúkọ Bàbá Húfà, tí ẹnikẹ́ni kò lè fọ́wọ́ tọ́ wọn lọ́jà nítorí orúkọ náà, tí wọ́n wá jókòó ń ya ara húfà bí ẹni ń ya ewúrẹ́ ìkómọ. Ó ní bàbá sọ fún òun lórí àìsàn pé kí òun má jẹ́ kí wọ́n tú àwọn húfà náà ká. Bí a bá ní ká sọ òótọ́, ohun tí bàbá sọ ni pé kí wọ́n má jẹ́ kí òjò pa àwọn húfà náà. Àmọ́ inú tó ń bíni kì í gbọ́ òjò.

Fàrídátù ń kùn pé Àǹtí kò sọ nǹkan kan láti àárọ̀ àfi ìgbà tó kan húfà, pé kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n ṣe tán, oúnjẹ ń tutù. Àyìndé ni kò bínú. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó tẹ̀ ba, ó sì ti báàfù tó kún fún ẹnu húfà sí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń gbé omi fún àlejò.

"Àǹtí mi, ẹ fara balẹ̀. A ti mọ̀ pé èyí lẹ máa mú. Ẹnu sáà niṣẹ́ yín."

Rọ̀kíbátù wo inú báàfù. Gbogbo wọn ló mọ̀. Pẹlẹbẹ tó dà bí ẹnu pẹ́pẹ́yẹ, ti orí kápẹ́ẹ̀tì. Tínínrín gígùn bí ti lékeléke, ti àárín àga. Róbótó onírun tí bàbá ń pè ní irùngbọ̀n àfáà, ti ara kọ́tìnnì. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge ló ti ń fi ọṣẹ dúdú fọ̀ wọ́n, tó ń fi ìyẹ́ adìyẹ yọ irun ajá òyìnbó kúrò ní kọ̀rọ̀ wọn. Ó lọ́kọ tán, kò dáwọ́ dúró. Ó ń gun ọ̀kadà láti Ṣàngótẹ̀dó wá fọ ẹnu húfà, ìdí rẹ̀ á gba ìjókòó, ọlọ́kadà á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jókòó lórí táǹkì. Kò sẹ́ni tó mọ ẹnu húfà tó o láti Àjáh dé Ìbẹ̀jú. Kí ni Àyìndé wí tó burú?

Síbẹ̀, kò gba báàfù náà. Ó kọjú sí olórí ẹbí.

"Bàbá wa kò jẹ́ pín in báyìí láé."

Bàbá Ọlálérè gbé abẹ̀bẹ̀ lé itan. Kò gbóhùn sókè.

"Rọ̀kí, nígbà ayé bàbá yín, ta ló ń tú ara húfà?"

"Àyìndé ni."

"Ta ló ń fi omi ṣan ìfun?"

"Àwọn Fàrídátù."

"Ẹnu ńkọ́?"

Rọ̀kíbátù wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Èmi kọ́ ni mo pín in. Ó ti pín in tipẹ́. Mo kàn kó kálukú sí ibi tó fi í sí ni."

Lójú títì, níbi tí wọ́n ti ń fẹ márosẹ̀, katakata kan ń hó, eruku pupa ń gorí ògiri wọlé. Rọ̀kíbátù, tí àwọn ọkọ àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń sọ pé bó bá dákẹ́ kí wọ́n lọ pe dókítà, ń wo ẹnu pẹ́pẹ́yẹ nínú báàfù.

Jímọ̀ kan ló rántí. Jímọ̀ ni bàbá máa ń tan jẹnẹrétọ̀, tó ń tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí wọ́n ní sílẹ̀ fún àlejò, tí yóò da eérú sórí rẹ̀, tí Àyìndé yóò wá fi húfà fà á kúrò, tí gbogbo àlejò á máa ké háà. Lọ́jọ́ náà, Àyìndé lọ ra epo jẹnẹrétọ̀, kò tètè dé. Rọ̀kíbátù ti bímọ mẹ́ta. Ó dìde, ó na ọwọ́ sí ibi ìdìmú húfà níṣojú àlejò. Bàbá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí a ṣe ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé, ó sì rẹ́rìn-ín sí i. Ó fi ẹnu pẹ́pẹ́yẹ lé e lọ́wọ́, ó ní, "Rọ̀kí mi, bá mi lọ fọ èyí." Gbogbo wọn sì dúró de Àyìndé.

Ọmọ tó bá ṣípá là ń gbé, ohun tó máa ń sọ fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Òun ṣípá. Ẹnu pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n gbé fún un. Èyí tó sì wá ń dùn ún wọ egungun báyìí ni pé inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà. Ó sáré lọ fọ̀ ọ́ ni. Ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìbínú náà ṣì wà nínú rẹ̀ lódindi, kò dín. Ó wo Bàbá Ọlálérè, kì í ṣe òun ni ìbínú náà wà fún. Ó wo Àyìndé, kì í ṣe òun náà. Ẹni tí ìbínú náà ń wá lọ ti wà lábẹ́ ilẹ̀ láti ogójì ọjọ́, nínú aṣọ funfun tí Rọ̀kíbátù fúnra rẹ̀ rà.

"Àgbà ló ń kọ́kọ́ mú," Bàbá Ọlálérè wí. "Mú, ká lọ jẹun."

Rọ̀kíbátù ká ìró rẹ̀ sókè, ó fẹsẹ̀ dá báàfù kọjá. Ó kọjá lára òkìtì ìfun. Ó dé ibi tí àwọn ara ẹ̀rọ tò sí láìlẹ́nu láìnífun, ó sì gbé ọwọ́ lé èyí pupa.

"Ara ni mo mú."

Fàrídátù pòṣé. Àyìndé kọ́kọ́ rò pé ó ń bá àwọn ṣeré ni. Nígbà tó rí i pé kò rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí, ẹ ò mọ̀ ọ́n lò."

"Mo mọ̀ pé n kò mọ̀ ọ́n lò."

Bàbá Ọlálérè ní àgbà ti mú, kí Àyìndé mú tirẹ̀. Àyìndé wo báàfù, ó wo òkìtì ìfun, kò mú ọ̀kankan.

Rọ̀kíbátù kò dúró gbọ́ ìyókù. Iná wà lọ́jọ́ náà, ohun àrà. Ó wọ́ húfà pupa lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ki orí wáyà rẹ̀ bọ ara ògiri, ó sì kúnlẹ̀ tì í. Ìdí rẹ̀ wà lókè gọngọ, ó mọ̀ pé gbogbo ẹbí ló ń wò ó láti ẹ̀yìn, ẹ̀rín ara rẹ̀ sì ń mì ín níkùn. Ó fọwọ́ wá abẹ́ ẹ̀rọ náà, ó fọwọ́ wá ẹ̀yìn rẹ̀, bí ẹni ń wá ẹyin lábẹ́ adìyẹ tó sàba. Ó tẹ ibì kan, kò sí nǹkan kan. Ó yí ibì kan, ìdérí ṣí, eruku ilé onílé dà sí i láyà.

Ó gbọ́ ẹsẹ̀ Àyìndé lẹ́yìn.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín."

"Jókòó."

Kò jágbe mọ́ ọn. Àyìndé sì jókòó.

Ó gbọn eruku lára bùbá, ó tún nawọ́, ó ń fi ìka tọ etí ẹ̀rọ náà lọ díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ọdún tó fi jẹ́ ọmọ Bàbá Húfà, kò béèrè rí ibi tí wọ́n ti ń tàn án.